Ta Ni Yóò Béèrè Kànga Náà Lọ́sẹ̀ Tó Ń Bọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko kòkó wọlé ní Arimogija, ẹ kú àbọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Okeluse, ní Ute, ní Ìfọ́n, títí dé Ọ̀wọ̀, ẹ kú ìkàlẹ̀. Bí rédíò bá jìnnà sí ìyá àgbà, ẹ bá wa gbé e súnmọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí kò le. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni: ẹgbẹ́ tó ń ṣàánú ìlú, tó sì ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹnì kan ń sọ níbẹ̀ yẹn. Ó ní, “Ẹgbẹ́ kẹ̀? Ta ni kò lẹ́gbẹ́?” Òótọ́ lẹ sọ. Kí òyìnbó tó dé la ti ń ṣe àárọ̀, tá a ń ro oko ara wa níkọ̀ọ̀kan. A ń dá èsúsú ọrọọrún. Bí ọ̀kan nínú wa bá fẹ́ kọ́lé, a ó bá a ṣọ̀wẹ̀, yóò sì fún wa lóúnjẹ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà; kò sẹ́ni tó ń kọ́ wa níyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Oko ta ni àárọ̀ ń ro? Oko ẹni tó wà nínú àárọ̀ ni. Ta ló ń kó èsúsú? Ẹni tó dá a ni. Ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wá yí i padà. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ń dáwó, àwọn tí kò sí nínú rẹ̀ ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, ẹni tí kò ní í mọ orúkọ wọn láéláé, òun ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹgbẹ́ Lions wà, tí ọ̀ràn ojú ríran jẹ lógún láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ Rotary wà, tẹ́ ẹ máa ń rí àmì àgbá ẹ̀rọ eléyín wọn lẹ́bàá títì bẹ́ ẹ bá ń wọ àwọn ìlú ńlá wa. Rotary yìí ni màá gùn lé lónìí, torí pé iṣẹ́ kan wà tó ṣe tó dé ẹnu ọ̀nà gbogbo wa, yálà a mọ̀ tàbí a kò mọ̀.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejì, ọdún 1905, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, amòfin kan tó ń jẹ́ Paul Harris kó àwọn mẹ́ta jọ. Ọ̀kan ń ta èédú, ọ̀kan jẹ́ ẹnjiníà ohun àlùmọ́ọ́nì, ẹ̀kẹta ń rán aṣọ. Ìlú kékeré ni Harris ti dàgbà, Chicago sì tóbi jù fún un. Ó láwọn oníbàárà, kò lọ́rẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá nígbà náà kò ju ọ̀rẹ́ àti ọjà lọ: kí wọ́n máa rí ara wọn, kí wọ́n sì máa rà lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀sẹ̀ yìí, ọ́fíìsì ẹnì kan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ́fíìsì ẹlòmíràn. Bí wọ́n ti ń yí ìpàdé kiri báyìí ni orúkọ Rotary ti wá.

Ìgbà wo ni àánú wá wọ̀ ọ́? Kò pẹ́. Ní 1907, wọ́n gbìyànjú iṣẹ́ ìlú wọn àkọ́kọ́. Kí lẹ rò pé ó jẹ́? Ilé ìwòsàn? Ilé ìwé? Rárá o. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni! Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ènìyàn, lẹ́bàá gbọ̀ngàn ìlú Chicago. Àwọn tó ń wá sọ́jà àti sọ́fíìsì kò ríbi ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sì ní kó má rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀. Ẹni tó bá ti ná ọjà kan láti àárọ̀ dalẹ́ lágbègbè wa yìí, pàápàá obìnrin, mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ó dáa. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ẹgbẹ́ yìí wá ti lé ní ọgọ́fà ọdún báyìí. Ó dé Nàìjíríà ní 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, kò sì tíì kúrò. Kí ló gbé e ró? Ṣé owó ni? Owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ olówó mélòó la ti rí tó tú ká kí ọdún tó yípo. Èrò tèmi ni pé ìpàdé ni. Ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, òun gan-an ni iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wọ ọ̀kan nínú ìpàdé wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ni, tàbí kíláàsì ilé ìwé. Agogo kan wà lórí tábìlì iwájú. Nígbà tí aago bá lù, ààrẹ á gbá agogo náà, ariwo á sì dákẹ́. Kì í dúró de ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fìyẹn sọ́kàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pe ìpàdé aago mẹ́rin tẹ́ ẹ sì ń dé ní aago mẹ́fà. Wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè. Wọ́n á jọ ka ìbéèrè mẹ́rin tí oníṣòwò kan, Herbert Taylor, kọ ní 1932 nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ dojú dé. Ìbéèrè náà ni pé kéèyàn tó sọ̀rọ̀ tàbí kó tó ṣe nǹkan, kó bi ara rẹ̀ bóyá òótọ́ ni, bóyá kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, bóyá yóò mú ọ̀rẹ́ àti ìrẹ́pọ̀ wá, bóyá yóò ṣe gbogbo ẹni tó kàn láǹfààní. Àlejò kan á wá sọ̀rọ̀, bóyá nọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ yìí, bóyá ẹni tó mọ̀ nípa ajílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò ní í sọ̀rọ̀ pẹ́.

Lẹ́yìn náà ni sájẹ́ǹtì ẹgbẹ́ á dìde. Kì í ṣe ọlọ́pàá o, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa bu owó ìtanràn léèyàn lórí, tẹ̀ríntẹ̀rín. Fóònù rẹ dún nígbà tí àlejò ń sọ̀rọ̀? San owó. O gbàgbé báàjì àyà rẹ sílé? San owó. Ìyàwó rẹ bímọ? Háà, ìwọ gan-an la ti ń wá láti àárọ̀, san owó ayọ̀! Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa tọwọ́ bàpò. Owó náà kéré. Ṣùgbọ́n akápò ń kọ ọ́ sílẹ̀, náírà kan kò sọnù. Ní 1917 tí Rotary dá àpò àánú rẹ̀ fún gbogbo ayé sílẹ̀, dọ́là mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀ péré lowó àkọ́kọ́ tó wọ inú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àpò náà ló wá ń náwó sí omi, sí ìwé kíkà àti sí ìlera káàkiri ayé lónìí.

Ibi tí mò ń lọ gan-an wá rèé. Ẹ fetí sí i dáadáa. Akọ̀wé á dìde, á ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Níbẹ̀ ni ìbéèrè kan á ti jáde: “Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ní kí ẹnì kan lọ wo kànga ẹ̀rọ tá a gbẹ́ sí ilé ìwé. Ṣé ó lọ?” Bó bá lọ, á sọ ohun tó rí. Bí kò bá lọ, ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò ti sọ pé òun kò lọ. Ojú tó tì í lọ́sẹ̀ yìí ni yóò lé e dé ìdí kànga kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí nìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí? Nítorí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi tí kò mọ kànga kan tí wọ́n fìlù àti ẹran ṣí. Àwọn tó wá ṣí i wọ aṣọ kan náà, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Kò pẹ́, wáṣà inú ẹ̀rọ náà jẹ. Wáṣà o, rọ́bà pẹlẹbẹ kan báyìí tí kò tó nǹkan. Kò sẹ́ni tó rà á, torí kò sẹ́ni tí wọ́n ní kó rà á. Àwọn ọmọ gbé korobá wọn, wọ́n padà sódò. Orúkọ ẹni tó gbé kànga kalẹ̀ ṣì wà lára ògiri gbàgàdà-gbagada, omi ni kò sí níbẹ̀. Ṣé a ríran kedere báyìí? Owó ló ń gbẹ́ kànga. Ìpàdé ló ń jẹ́ kó máa lómi. Mo tún un sọ: owó ló ń gbẹ́ ẹ, ìpàdé ló ń jẹ́ kó máa lómi.

Láyé àtijọ́, Rotary le lórí ìpàdé ju bó ti wà báyìí lọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá rìnrìn àjò, wọ́n ń retí pé kó wá ìpàdé Rotary lọ níbi tó bá wà, ìbáà ṣe Èkó, ìbáà ṣe Lọ́ńdọ̀nù, kó sì mú ẹ̀rí rẹ̀ wálé. Ní 2016, wọ́n dẹ okùn náà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lè máa pàdé lẹ́ẹ̀méjì lóṣù. Wọ́n ní ayé ti le, iṣẹ́ ti pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ kò ráàyè. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi mí, màá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló dáa jù, torí nǹkan tó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kìíní kò yẹ kó tó ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún kẹ́nì kan tó gbọ́.

Ẹ ó ní, “Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn. Fi iṣẹ́ hàn wá.” Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, àrùn tí òyìnbó ń pè ní pólíò.

Ẹ̀yin àgbà kò ní í gbàgbé. Ọmọ á sùn pẹ̀lú ibà, á jí, ẹsẹ̀ kan kò ní í gbé e mọ́. Kò sí oògùn tó ń dá ẹsẹ̀ náà padà. Àjẹsára nìkan ló wà, kó má baà ṣẹlẹ̀ rárá. Ní 1979 ni Rotary bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Philippines ní àjẹsára. Ní 1985, wọ́n ní àwọn ó lé e kúrò láyé pátápátá. Lọ́dún 1988, Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNICEF àti àwọn mìíràn dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà náà, bíi 350,000 ọmọ ni wọ́n fojú bù pé àrùn yìí ń mú lọ́dọọdún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ̀yin ìyá ọmọ mọ̀ ọ́n. Obìnrin méjì tàbí mẹ́ta á dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan gbé àpótí kékeré kọ́ èjìká, yìnyín wà nínú rẹ̀. Á yọ ìgò kékeré kan. Ẹ wo ara ìgò náà lọ́jọ́ mìíràn: òbìrípo kan wà níbẹ̀, igun mẹ́rin kékeré sì wà láàárín rẹ̀. Bí igun mẹ́rin náà bá funfun ju òbìrípo lọ, àjẹsára náà dára. Bí ooru bá ti pa á lára, igun mẹ́rin á dúdú bíi òbìrípo, wọn kò sì gbọdọ̀ fún ọmọ kankan. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n fi hàn yín. Ọmọ á lanu, wọ́n á kán ẹ̀kán méjì sí i. Wọ́n á fi yíǹkì kun ìka rẹ̀ kékeré, kí wọ́n má baà ṣèèṣì fún un lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n á fi ẹfun kọ nǹkan sára ògiri, wọ́n á sì kọjá sí ilé kejì.

Ṣé ó rọrùn? Kò rọrùn. Ní 2003, wọ́n dá àjẹsára dúró láwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè ọya, Kano ló sì le jù níbẹ̀. Àwọn kan ní òyìnbó ti po oògùn sí i tí kò ní í jẹ́ káwọn ọmọbìnrin bímọ lọ́la. Irọ́ lásán ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó bá ti wọlé kì í tètè jáde. Ẹ wá gbọ́ ohun tó yani lẹ́nu. Lọ́dún 2003 yẹn kan náà, ní oṣù Keje, ta ló di ààrẹ Rotary fún gbogbo ayé? Amòfin Jonathan Majiyagbe ni, ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ẹgbẹ́ Rotary ìlú wo ni wọ́n ti wá? Kano! Àwọn ló ń darí ẹgbẹ́ tó ń lé àrùn yìí kúrò láyé, ìlú wọn ló sì ti ilẹ̀kùn.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ìbínú ò yanjú ẹ̀. Wọ́n padà lọ ni. Àwọn ọba, àwọn ìmáàmù, àwọn dókítà, àwọn obìnrin àdúgbò, wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n tún padà lọ. Ní 2004, Kano ṣí ilẹ̀kùn padà. Ṣùgbọ́n àrùn náà ti lo àǹfààní yẹn, ó ti gba Nàìjíríà dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti lé e lọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tún un ṣe, láti ilé dé ilé. Ní 2016 ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní Borno. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, wọ́n kéde pé pólíò tó ti ìgbà ìwáṣẹ̀ ń bá wa jà ti tán nílẹ̀ Áfíríkà. Oríṣi kan tó ń yọjú níbi tí àjẹsára kò bá ti kárí ṣì wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kanlẹ̀kùn yín títí dòní. Ẹ má ṣe lé wọn o.

Owó tí Rotary ti ná sí i ju bílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Owó ńlá ni. Síbẹ̀, owó kọ́ ló ṣẹ́gun Kano. Àpadàlọ ni. Àwọn tó ti mọ́ lára láti máa béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé “ibo la bá a dé?” ni kò jẹ́ kó sú àwọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé wàyí. Kí ni irú ẹgbẹ́ báyìí lè ṣe ní Arimogija? Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ń gbé wá bá àgbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́: ibà Lassa. Ìlú kan ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní 1969, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù lónìí. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Eku ló ń gbé e. Bí wọ́n bá ti sun igbó, tí oúnjẹ sì tán lóko, eku á sá wọlé wá bá wa. Á tọ̀ sórí gàrí, á yàgbẹ́ sínú èlùbọ́. Ẹni tó jẹ ẹ́, tàbí tó fọwọ́ kàn án, wà nínú ewu. Bó bá kọ́kọ́ dé, á dà bí ibà lásán. Ọ̀pọ̀ èèyàn á máa lo oògùn ibà títí ọ̀ràn á fi bọ́ sórí. Bí ibà kò bá lọ lẹ́yìn oògùn, ẹ má ṣe jókòó tì í. Ẹ tètè gba ilé ìwòsàn lọ, torí oògùn rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bó bá pẹ́.

Lọ́dọọdún là ń gbọ́ ìkìlọ̀ yìí. Ọkọ̀ onígbohùngbohùn á wá lẹ́ẹ̀kan, á pariwo, á lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gẹ́ á tún wà lẹ́bàá títì tí wọ́n ń sá. Ṣé àwọn èèyàn kò gbọ́ ni? Wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ibo ni kí wọ́n sá a sí? Ta ló fún wọn ní tábìlì gíga? Ta ló bá wọn ra ike onídèérí? Ta ló padà wá wò bóyá ìdérí náà kò tíì fọ́? Iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn. Ó kéré, kò ní í gba fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò á fi rọ̀ yóò gba ẹ̀mí là.

Mi ò ní í fi àbùkù ẹgbẹ́ náà pamọ́. Ó di 1989 kí Rotary tó gba obìnrin wọlé káàkiri ayé, ìyẹn lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti dá sí i; ọdún 2022 ni obìnrin tó kọ́kọ́ di ààrẹ wọn fún gbogbo ayé, Jennifer Jones ará Kánádà. Ẹ rò ó wò: ẹgbẹ́ àánú tí kò ní ìyá nínú fún ọgọ́rin ọdún! Nílẹ̀ wa níbí, oṣù Keje tí wọ́n ń fi ààrẹ tuntun jẹ máa ń di òde ọtí àti aṣọ ẹbí. Mi ò kórìíra òde. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí owó aṣọ ti ju owó iṣẹ́ lọ.

Ẹlòmíràn á ní, “Àgbẹ̀ ni mí. Ta ló máa gbà mí sí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àti lọ́yà?” Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo sì ní èsì. Ní 1986, ọmọ ilẹ̀ Philippines kan, M.A.T. Caparas, tó jẹ́ ààrẹ Rotary lọ́dún yẹn, dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn abúlé. Àwọn ará ìlú tí kì í ṣe ọmọ Rotary á kó ara wọn jọ. Àwọn fúnra wọn ni yóò sọ ohun tí ìlú wọn nílò, àwọn náà ni yóò sì ṣe é. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ Rotary tó bá wà nítòsí kò ju kó dúró tì wọ́n, kó fi ìmọ̀ àti ojúlùmọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ètò náà ṣì wà dòní, Rotary Community Corps ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń fi àáké gégi ń wọ̀ ọ́, ẹni tó ń dín àkàrà ń wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Arimogija tọ́rọ̀ yìí bá wọ̀ lára, ẹ kọ́kọ́ rí kábíyèsí àti àwọn ìjòyè. Ẹ wá olùkọ́ kan tó mọ ìwé kọ dáadáa, kẹ́ ẹ fi ṣe akọ̀wé. Ẹ mú ọjọ́ tí kò bá ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ìjọsìn pàdé. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ẹ sì kọ ohun kan ṣoṣo sí ojú ewé àkọ́kọ́: ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́, tàbí ibi tí wọ́n ti ń sá ẹ̀gẹ́. Kẹ́ ẹ tó túká, ẹ dárúkọ ẹni tó máa lọ wò ó. Bẹ́ ẹ bá ti pàdé fún oṣù mélòó kan láìjẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan bọ́, ẹ rán èèyàn sí ẹgbẹ́ Rotary tó bá súnmọ́ yín, kó mú ìwé àkọsílẹ̀ náà dání lọ.

Àkókò ti tó. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lákòókò yìí kan náà, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú kòkó kí ó má bàjẹ́.